Ta ló gbé báàsì Paul McCartney?

"Èkó níbí ni olè ti gbé gìtá Paul McCartney lọ, lọ́dún 1973!" Bàbá kan tó ti ń ta gìtá jùjú kí wọ́n tó bí mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún gìtá ṣe ní Mushin. Gìtá àbúrò mi ni mo lọ gbà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, wọn ò gba gìtá." Bàbá ní, "Ṣé ìwọ ti mọ Apapa nígbà náà ni? Gìtá tó rí bíi fáólíìnì yẹn, ta ló tún rí i lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kúrò ní Èkó?" Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí mo fi sanwó mi. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, ìlú wa la ń purọ́ mọ́.

Ó ní ohun tí oníkálukú wọn rí dì mú. Òótọ́ ni pé McCartney wá sí Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, òun àti Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine, láti ká orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Apapa. Onílù Wings, ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, àti onígìtá kan ti fi í sílẹ̀ kí bàálù tó gbéra, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù, tó tún ta báàsì. Òótọ́ náà ni pé àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí òun àti ìyàwó rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì kó kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn orin tuntun náà wà nínú rẹ̀ lọ. Inú orí ló ti tún wá àwọn orin náà jáde. Fela pàápàá gbé ọ̀rọ̀ kò ó lójú, ó ní orin àwọn ènìyàn dúdú ló wá jí, àfi ìgbà tí McCartney jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ti ká. Ọ̀rọ̀ olè ló gba ìgboro kan nígbà yẹn, lọ́tùn-ún lósì, kò sì yà mí lẹ́nu pé gìtá bá wọn wọ inú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n gìtá tí Bàbá ń sọ ti bọ́ lọ́wọ́ McCartney kí ó tó mọ ọ̀nà Èkó. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti gbé e, lóru ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1972.

Kí a tó dé orí olè, ẹ jẹ́ kí a mọ bí gìtá náà ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ìtàn Beatles, ẹgbẹ́ tí McCartney wà kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, kò gùn: ọmọ Liverpool ni wọ́n, ilé ijó Hamburg ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, Amẹ́ríkà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ ní 1964, wọ́n sì tú ká ní 1970. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kí owó tó dé ló jẹ mí lógún.

Gìtá tí John Lennon, ọmọ ẹgbẹ́ náà, fi bẹ̀rẹ̀ kò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá rárá. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é. Gallotone Champion ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Gallo tó ń ṣe àwo orin ló sì ni ín. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń polówó rẹ̀, póòsì ló sì ń gbé e wá bá ẹni tó bá kọ̀wé béèrè. Tí o bá yọjú wo inú ihò rẹ̀, wàá rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń ṣèlérí pé igi rẹ̀ kò ní là. Ilé Julia, ìyá John, ni wọ́n gbé e wá, nítorí Mimi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ, kò fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Julia mọ báńjò ta, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń tẹ báńjò ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀. Gìtá yìí ló wà lọ́rùn John ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1957, níbi àríyá ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Woolton, lọ́jọ́ tí òun àti Paul kọ́kọ́ pàdé. Gìtá olówó pọ́ọ́kú yẹn kan náà ni wọ́n lù ní gbàǹjo ní 1999, tí ẹnì kan sì san ohun tó lé ní £140,000 lé e lórí.

Paul ní tirẹ̀ fi trọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ rà fún un gba gìtá Zenith kan ní pàṣípààrọ̀, nítorí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́nu trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kò lè kọrin. Ó gbé e délé, kò rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwòrán olórin kan, Slim Whitman, tó ń fi ọwọ́ òsì ta gìtá ló là á lójú pé òun náà lè yí okùn gìtá òun padà.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tó dára. Gìtá Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ń lá àlá rẹ̀, Fender irú èyí tó wà lọ́wọ́ Buddy Holly, Gretsch irú ti Eddie Cochran. Ṣùgbọ́n ogun ti jẹ dọ́là ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán, ìjọba sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun èlò orin Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí di 1959. Ti Höfner láti Jámánì, tí ilé iṣẹ́ Selmer ń kó wọlé, ló kún ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú àwọn bíi Futurama tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Czech, èyí tí George Harrison, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, rà. Ṣọ́ọ̀bù Frank Hessy ní Liverpool ni wọ́n ti ń rà á láwìn, tí wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀. Gbèsè gìtá wà lára ohun tí Brian Epstein san nígbà tó di alákòóso wọn.

Ibi tí ìjà ti le jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni orí báàsì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ní, ti Stuart Sutcliffe. Stuart kì í ṣe olórin. Ayàwòrán ni, ọ̀rẹ́ John ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní ìparí ọdún 1959 wọ́n gba àwòrán rẹ̀ kan síbi ìpàtẹ John Moores ní Walker Art Gallery, John Moores fúnra rẹ̀ sì rà á ní £65. Lójú John, owó báàsì ti délẹ̀ nìyẹn. Ohun tí púpọ̀ ń sọ títí di òní ni pé Stuart kó gbogbo owó àwòrán náà lé Hessy lọ́wọ́, ó sì gbé Höfner 500/5 ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní President. Àwọn mìíràn ní rárá, wọ́n ní àsansílẹ̀ ló san, ìyókù wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní awìn ni mo gbà gbọ́. Ẹni tó bá ti gbé yàrá akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ̀ pé £65 kò lè pé títí dé ṣọ́ọ̀bù Hessy. Ìtàn gbogbo owó dùn ún gbọ́ ju èyí lọ, ó jẹ́ kí ó dà bíi pé ọmọ náà fi àwòrán rúbọ fún orin. Bẹ́ẹ̀ àwòrán kò kúrò lọ́kàn Stuart rárá. Nígbà tí wọ́n dé Hamburg ní 1960, ó pàdé Astrid Kirchherr, ìfẹ́ wọ̀ ọ́, ó sì pinnu láti jókòó síbẹ̀ kí ó padà sídìí àwòrán. Ikú pa á níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1962, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Nígbà tí Stuart ń yẹra, Paul yá báàsì rẹ̀ lò. Stuart ní kò burú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan okùn òun. Ọwọ́ òsì sì ni Paul ń lò. Ó gbé báàsì náà sódì, okùn òkè di ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ di ti òkè, ó sì ń ta á bẹ́ẹ̀ lóru mọ́júmọ́ níwájú àwọn ọ̀mùtí Hamburg. Mo rò pé ẹni tó bá la ìyẹn kọjá, kò sí báàsì tó lè ṣòro fún un mọ́.

Ìdílé Höfner ti wà nídìí fáólíìnì tipẹ́. Karl Höfner dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1887 ní Schönbach, níbi tí gbígbẹ́ fáólíìnì ti jẹ́ iṣẹ́ ìlú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lé àwọn ará Jámánì kúrò níbẹ̀, ìdílé náà sì tún ìpìlẹ̀ fi lélẹ̀ ní Bubenreuth ní Bavaria. Nígbà tí Walter, ọmọ Karl, fẹ́ ṣe gìtá báàsì oníná ní àárín àwọn ọdún 1950, ohun tí ọwọ́ ìdílé rẹ̀ mọ̀ ló ṣe: inú rẹ̀ ṣófo, ìbàdí rẹ̀ fún, ó fúyẹ́. Èyí ni 500/1 tí Paul rí ní ṣọ́ọ̀bù Steinway ní Hamburg ní 1961. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí tó fi mú un. Nǹkan bí £30 ni wọ́n ń tà á, nígbà tí Fender ń lọ sí £100. Lẹ́yìn náà, apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ dọ́gba, kò ní jọ gìtá tí ènìyàn gbé sódì. Àìlówó àti ìtìjú ọmọkùnrin tí kò ju nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún lọ ló yan ohùn ìsàlẹ̀ fún Beatles. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ìtàn pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé méjì ni báàsì náà. Ní 1963 òmíràn tún tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èyí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní. Ẹ wo abẹ́ okùn, ẹ ó dá wọn mọ̀. Irin méjì tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú àńpìlífáyà sún mọ́ ara wọn lára ti 1961, méjèèjì wà nítòsí ọrùn gìtá. Lára ti 1963, ọ̀kan ti sún lọ sísàlẹ̀. Ní 1964 wọ́n tún ti 1961 kùn. Ìgbà ìkẹyìn tí ayé rí i nínú fíìmù ni oṣù Kìíní ọdún 1969, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Get Back ní Twickenham. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn kan fi ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ibẹ̀ ni olè ti gbé e. Irọ́ ni ìyẹn náà.

Nick Wass, tó ti bá Höfner ṣiṣẹ́, ni McCartney bẹ̀ pé kí ó bá òun wá a. Òun àti àwọn akọ̀ròyìn méjì, Scott àti Naomi Jones, ké sí gbogbo ayé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ìgbà yẹn ni Ian Horne, tó ń bójú tó ohùn fún ẹgbẹ́ Wings, sọ pé inú ọkọ̀ akẹ́rù òun ni wọ́n ti jí i ní Notting Hill. Olè náà kò mọ ohun tó gbé. Nígbà tó mọ̀, ẹ̀rù bà á, ó tà á fún onílé ọtí kan ní Ladbroke Grove, owó díẹ̀ àti bíà díẹ̀ ló fi gbà. Ó dé orí àjà ilé kan ní Hastings, ìlú kan létí òkun, ó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀ títí ìdílé náà fi rí ìkéde. Wọ́n dá a padà fún McCartney, a sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó gbé e jáde ní O2 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì ta á níwájú èrò. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Kì í ṣe gbogbo gìtá Beatles ló padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín bẹ́ẹ̀. Gìtá Gibson J-160E tó sọnù mọ́ John lọ́wọ́ ní ìparí 1963 ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní California fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fi í kọrin láìmọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló tú àṣírí, ní 2015 wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní $2.4 mílíọ̀nù. Ní 2024 wọ́n ta Framus olókùn méjìlá ti John, tí wọ́n bá lórí àjà, ní owó tó ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ kì í gbé gìtá lọ síbi ijó. Inú gíláàsì ló ń lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá ti wá ń ha gìtá tuntun lára báyìí, wọ́n ń bó ọ̀dà rẹ̀, kí ó lè dà bí ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, owó rẹ̀ sì máa ń ju ti èyí tó ń dán lọ. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ọmọdé tó fi owó ra ìrírí tí kò ní.

Àwọn tó ni gìtá wọ̀nyí kò tọ́jú wọn bí ẹyin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1965, nígbà tí mọ́tò ń gbé wọn lọ sí Scotland, ọ̀kan nínú gìtá Gretsch George já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì gùn ún fọ́. Awakọ̀ wọn, Alf Bicknell, ló ní láti sọ fún un. Wọ́n dé Glasgow, wọ́n sì ṣeré lọ́jọ́ 3 oṣù náà, George gbé gìtá mìíràn kọ́rùn.