Ọ̀já Kọ̀rọ̀ Itan, àti Ọ̀nà Tí Ìpá Ń Gbà Jáde

Kọ̀rọ̀ itan ni ibi tí ikùn parí sí tí itan sì bẹ̀rẹ̀, níbi tí awọ ara gbé ṣẹ́ po nígbà tí àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́. Ìtìjú kì í jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìtìjú yìí sì ti pa ọ̀pọ̀ alágbára ọkùnrin láìtọ́jọ́.

Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ níwájú, nítòsí ibi tí okùn ṣòkòtò gbé jókòó, yóò bá ṣóńṣó egungun kan tí ó yọ. Bí ó bá tún wá ìsàlẹ̀ ikùn lọ, lókè abẹ́, yóò bá kókó egungun kékeré mìíràn. Láti ṣóńṣó ti ìbàdí dé kókó ti abẹ́ ni Ẹlẹ́dàá na okùn líle kan sí, ó funfun, ó dà bí iṣan tí ọ̀bẹ alápatà kì í tètè gé lára ẹran màlúù. Ó gùn tó nǹkan bí ínṣì 5. Àwọn oníṣègùn òyìnbó a máa fi orúkọ Poupart pè é, ará Faransé kan tí ó kú ní ọdún 1709. Ṣùgbọ́n ọ̀já ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́ níhìn-ín, nítorí ó gbé ìsàlẹ̀ ikùn dúró bí ìyá ti ń fi ọ̀já gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Kì í ṣe òun ni ìtàn Jákọ́bù ní Péníélì ń sọ. Ti Jákọ́bù wà ní oríkèé itan, ó jìn sínú ju èyí lọ.

Bí ọ̀já yìí ti lágbára tó nì, ọ̀nà méjì wà lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti òkè kò gùn ju nǹkan bí ínṣì 1 ààbọ̀ lọ. Ìdí tí ó fi wà ni pé inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin ti ń dàgbà nígbà tí ó wà nínú oyún. Ní nǹkan bí oṣù keje ni ó ń gba ọ̀nà yìí sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó yẹ kí ẹnu ọ̀nà náà pa dé. Bí kò bá pa dé, ìfun lè tọ̀ ọ́ jáde nígbà tí ọmọ bá ń sọkún: ìpá ọmọdé nìyẹn. Ní ti àgbàlagbà, ẹran ara tí ó bo ibẹ̀ ni ó ti rọ̀. Ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ gbígbẹ tí a ń fi agbára yà, àti ẹrù wúwo a sì máa ti ìfun síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó fi ránṣẹ́. Orúkọ ìpá kan náà ni a fi ń pe omi tí ó kún àpò ẹpọ̀n, ṣùgbọ́n ti omi kì í sábà wọlé padà bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀.

Nínú obìnrin, okùn kan tí ó so mọ́ ilé ọmọ ni ó gba ọ̀nà òkè náà. Bí oyún ti ń dàgbà ni ó ń nà, ìdí nìyẹn tí kọ̀rọ̀ itan aboyún fi lè ta á bí ó bá dìde lójijì. Èyí kì í ṣe àrùn, àyàfi bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà bá bá a wá.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ gbà. Ẹni tí ó bá fi ìka tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́ yóò mọ̀ bí ó ti ń lù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan wọ̀nyí ni àlàfo kékeré kan wà. Ìfun lè gba ibẹ̀ náà, obìnrin ni ó sì ń ṣe ju ọkùnrin lọ. Kò wọ́pọ̀ bí ti òkè, ṣùgbọ́n ó burú jù ú lọ, nítorí ọ̀nà náà tóóró, etí rẹ̀ sì le, ìfun a sì tètè há síbẹ̀. Kókó tí ń wú ní kọ̀rọ̀ itan nígbà tí àdá tàbí ẹ̀gún bá ṣá ẹsẹ̀ kì í ṣe ìpá. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ni kí a tọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ là á, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kò jìnnà síbẹ̀.

Ìpá tí ń padà sínú nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ ṣì ń fún ni láyè láti lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ láti padà, tí ó le, tí ó ń dunni gidigidi, tí èébì ń gbé ènìyàn, tí ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ inú kò sì jáde, a ti fún ìfun náà lọ́rùn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀ mọ́, ó sì lè jẹrà láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀sán tàbí òru, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo, kí a má sin gbẹ́rẹ́ sí i, kí a má sì fi agbára tì í wọlé.

Ọ̀já kan náà yìí ni iṣẹ́ abẹ gbára lé. Edoardo Bassini, ará Ítálì, ẹni tí a fi ọ̀bẹ orí ìbọn gún ní kọ̀rọ̀ itan lójú ogun ní ọdún 1867, ni ó fi han àwọn oníṣègùn ní ọdún 1887 bí a ti lè rán ẹran ikùn mọ́ ọ̀já náà kí ọ̀nà lè dí. Lóde òní àwọn dókítà sábà máa ń fi àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ibẹ̀. Ní ti ọmọdé, dídí ẹnu ọ̀nà nìkan tó. Ẹni tí a ṣe é fún kì í pẹ́ rìn, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti ẹrù gbọ́dọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Nítorí náà, bí ìpá bá ṣì ń padà sínú dáadáa, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, ni ó wọ̀ fún àgbẹ̀ láti ṣe é, kí òjò ìgbìn tó dé.