Ìwé Kíkà àti Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára apá àti gíga ara nìkan ni a fi ń di ọlọ́pàá. Èrò àtijọ́ ni èyí. Lóòótọ́, wọ́n ṣì ń wọn gíga: ọkùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.67 lọ, obìnrin kò sì gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.64 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́, gíga rẹ̀ kò ní ṣe é ní àǹfààní.

Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹnu-ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ, èyí tí ènìyàn bá sì gbà wọlé ni yóò pinnu ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà, tí ó ní kírẹ́dìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà nínú wọn, lè wọlé gẹ́gẹ́ bí kọ́ńsítébù. Yóò gun àkàsọ̀ náà láti ìsàlẹ̀: kọ́pùrà, sájẹ́ńtì, ìsípẹ́kítọ̀. Kí ó tó di ASP, irun orí rẹ̀ lè ti máa funfun. Ẹni tí ó bá gba oyè yunifásítì kí ó tó wọlé, ipò ASP yìí gan-an ni wọ́n ń kọ́ ọ fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbo ni ọmọ tálákà yóò ti rí owó yunifásítì? Ìjọba dá Akadẹ́mì Ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1988. Ní Wudil, ní Ìpínlẹ̀ Kano, ni ó wà báyìí, ó sì ti di yunifásítì. Ìdánwò JAMB ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwọlé rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ìjọba ni ó ń gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ wọn, tí ó sì ń bọ́ wọn. Ẹni tí ó bá yege yóò jáde pẹ̀lú oyè àti ipò ASP. Ọ̀nà náà há, nítorí ogunlọ́gọ̀ ọ̀dọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ń du àyè díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pàá kògbérégbè tí ó wà ní Ìlá wa pè é: iṣẹ́ ìbọn àti pípa ìrúkèrúdò ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ oyè.

Ọmọ Ìlá kan wà tí ìwé gbé dé òkè téńté. Mustafa Adebayo Balogun, tí ayé mọ̀ sí Tafa, ni a bí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1947. Ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní Yunifásítì Èkó ní 1972, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1973. Ó tún gba oyè òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 2002, ó di Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ní 2005, ó fi ipò náà sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn owó. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ó kú ní 2022. Kò yẹ kí a fi apá kan ìtàn yìí pamọ́ fún ọmọdé: oyè méjì ni ó ní, kò sì sí èyí tí ó bá a ṣọ́ ọwọ́.

Ẹni tí ó ti wọṣẹ́ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1968 pèsè owó yíyá fún ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn yóò pa ìdá kan nínú mẹ́rin gbèsè náà rẹ́. Ètò náà ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wù mí púpọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó oṣù ara rẹ̀ ni kọ́ńsítébù sábà máa ń fi kàwé, bóyá ní yunifásítì NOUN tí ó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, kí ó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì gba oyè tán, kì í ṣe ọjọ́ náà ni ipò rẹ̀ ń yí padà. Ọwọ́ Àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ìgbéga wà. Yóò kọ̀wé gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, yóò sì máa retí èsì, pẹ̀lú oyè yunifásítì nínú àpótí àti ìlà mẹ́ta sájẹ́ńtì ní apá.