Obìnrin àti Àjọṣe Obìnrin nínú Iṣẹ́ Ọnà Níkẹ̀ẹ́ Okundaye

Nínú èdè Yorùbá, bákan náà ni a ń pe ọmọ ìyá, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Bí a bá sì ń wá orúkọ fún àjọṣe tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan, "orogún" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu, ìyẹn kì í sì í sábà ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó yẹ kí a rántí èyí bí a bá ń wo àwòrán Níkẹ̀ẹ́ Okundaye, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fara ti ara wọn, tí gèlè ń kan gèlè, tí ọnà ara aṣọ ẹnìkan sì ń wọ inú ti ẹnìkejì.

Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú ni a bí i sí ní 1951. Ìyá rẹ̀ tètè kú. Àwọn ìyá àgbà rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní aṣọ híhun àti àdìrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ẹnìkan ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aládìrẹ a se ẹ̀kọ láfún, a fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sí ara aṣọ funfun, a sì sá a kí ó gbẹ. Lẹ́yìn èyí, aṣọ di ti aláró, ẹni tí ó mọ ìṣe ẹ̀lú àti omi eérú. Ibi tí ẹ̀kọ bá dì mú, aró kì í ráyè wọ ibẹ̀. Bí aró bá kọ̀, làálàá aládìrẹ di asán; bí ọwọ́ aládìrẹ bá sì gbọ̀n, kò sí aró tí ó lè tún un ṣe.

Ní Òṣogbo, àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà ọdún 1960 sí 1969 sọ orúkọ ọkùnrin di ńlá: Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami. Níkẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàwó Twins Seven-Seven. Ó kọ́ àwọn orogún rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó mọ̀, kí olúkúlùkù lè ní owó tirẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń wò ni ó máa ń dá ìjà orogún sílẹ̀. Obìnrin tí ó ní aṣọ tirẹ̀ láti tà kò ní bá ẹnikẹ́ni du ọwọ́ náà tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1983 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí a ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Láyé àtijọ́, ìyá ni í kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àdìrẹ. Níkẹ̀ẹ́ ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá a tan. Ní 2000 ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí òwò aṣẹ́wó ti dè mọ́lẹ̀ ní Ítálì, kí wọ́n lè fi ọwọ́ wọn jẹun.

Gbogbo àwòrán rẹ̀ kọ́ ni ó dọ́gba. Nínú àwọn tí ó fi ọ̀dà kùn, ojú àwọn obìnrin a máa jọra jù nígbà mìíràn, bí ẹni pé batánì kan ni a fi tẹ̀ wọ́n. Lára aṣọ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáká. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọnà àtijọ́ bí Olókun àti Ìbàdàndùn ti ń padà wá. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó hàn kedere nínú Ìbàdàndùn, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ kò sí lára aṣọ.