Olùkọ́ Tí Ó Re Àjò

Ní ọdún 1987 ni ìjọba Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ Technical Aid Corps sílẹ̀, láti máa rán olùkọ́, dókítà àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì.

Olùkọ́ ọ̀dọ́ láti Alímọ̀ṣọ́ tí a bá rán lọ sí Gámbíà yóò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n dàlásì ni owó ibẹ̀. Bí ó bá ń fi náírà àti ọjà Ìkòtún kọ́ni ní ìṣirò, ńṣe ni àwọn ọmọ yóò máa wò ó.

Níbí ni ìrìn ọjọ́ kan ti wúlò. Bí ó bá ti kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Banjul sọdá sí Barra, kí ó wádìí owó ọkọ̀ àti iye tí a ń ta ẹja. Ní ọjọ́ Ajé, ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ ni yóò fi kọ́ wọn.

Ẹni tí ó dá nìkan lọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ń lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó sì béèrè àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó dára jù: bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ fi í sílẹ̀, ọjọ́ Àìkú ṣì wà tí yóò fi padà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kíláásì sì ni ilé olùkọ́.