Pátákó Tí Kò Mọ Ìbejì

Méjì méjì ni ohun gbogbo máa ń jẹ́ nínú ilé tí Ọlọ́run bá fi ìbejì ta lọ́rẹ. Bí a bá ra bàtà fún Táyéwò, a ó ra irú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Bí àkàrà bá kan ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ kan èkejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn òbí a gbẹ́ ère dípò rẹ̀, wọn a máa wẹ̀ ẹ́, wọn a máa wọṣọ fún un, wọn a sì máa bù fún un nínú oúnjẹ tí èyí tó wà láàyè ń jẹ. Ikú pàápàá kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣe ojúsàájú láàárín ìbejì. Àṣà yìí ni a gbé dání lọ sí Windsor, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹjọ tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Peckham, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí kò ti ṣòro láti rà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti lọ lo ìsinmi. Ọmọkùnrin ni àwọn ìbejì wọn méjèèjì, ọdún 4 ni wọ́n sì jẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dárúkọ Legoland bí ẹní ń dárúkọ ọ̀run rere. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Ìbejì di ìrẹsì àti dòdò sínú kúlà, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, a sì forí lé Windsor.

Ọgbà ẹranko ni ó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó kógbá sílé ní 1992, Legoland sì ṣí ìlẹ̀kùn níbẹ̀ ní 1996. Ọ̀dọ̀ kafíńtà kan ní ìlú Billund, ní Dẹ́nmárkì, ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ole Kirk Christiansen ni orúkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìṣeré fún àwọn ọmọdé ní 1932. Ọ̀rọ̀ méjì tó túmọ̀ sí “ṣeré dáadáa” ní èdè wọn ni ó gé kúrú tó fi di Lego. Nínú ọgbà náà, wọ́n ti fi bíríkì oníke kéékèèké kọ́ Lọ́ńdọ̀nù kan, pẹ̀lú odò àti afárá rẹ̀. Kẹ́hìndé wá Peckham títí níbẹ̀, kò rí i.

Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń pè ní The Dragon ni ọ̀rọ̀ yí padà. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n fàlà sí ní ìwọ̀n mítà 1. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan ìlà náà kò gbọdọ̀ wọlé. Táyé dúró, orí rẹ̀ kọjá ìlà. Kẹ́hìndé dúró, ó ku bí ìbú ìka kan. Ó na ọrùn, kò kàn án.

Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìbejì ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni a bí wọn, àti pé nínú àwọn méjèèjì, Kẹ́hìndé gan-an ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tọ́. Ìwọ̀n ara kan ni wọ́n fi ṣe irin tí wọ́n ń fà bo itan ẹni tó bá jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá kéré jù, àyè yóò ṣẹ́ kù láàárín irin àti ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì já ṣòòròṣò tàbí tó yí bìrí, ọmọ lè yọ́ jáde. Ọ̀wọ́ ẹ̀bẹ̀ kò lè fún irin náà mọ́ ọmọ lára.

“Bí ọ̀kan kò bá lè wọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́,” ni Bàbá Ìbejì wí, ó sì fa Táyé lọ́wọ́ kúrò lórí ìlà. Táyé bú sẹ́kún. Kẹ́hìndé ti ń sunkún ní tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì lóṣòó síwájú Kẹ́hìndé. “Ta ló rán Táyé wá sáyé?”

“Èmi ni.” Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá wa máa ń sọ ìtàn náà fún wọn lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́.

“Kí lo ní kó wá ṣe?”

“Kó wá tọ́ ọ wò.”

“Ó dáa, rán an lọ.”

Kẹ́hìndé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Táyé, lọ wò ó wá. Tí kò bá dùn, má pẹ́ o.”

Táyé àti bàbá rẹ̀ padà sórí ìlà. Àwa yòókù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Mo fẹ́ ra áísìkiriìmù fún Kẹ́hìndé kí ojú rẹ̀ lè là, ó ní kí n dúró kí Táyé dé. Nígbà tí Táyé dé, ó jíṣẹ́ láìfi ìkan pa mọ́: “Ó ṣókùnkùn. Ó wá sáré. Mo pariwo. Dádì náà pariwo.” Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, a lọ síbi tí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 ti ń wa mọ́tò kéékèèké. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, wọn kò wo gíga. Àwọn méjèèjì wọlé pọ̀. Táyé dí ojú ọ̀nà, ó dá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sílẹ̀ bí ẹni pé Ojúẹlẹ́gba ni a wà.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Bàbá Ìbejì sọ ohun tó wà ní ikùn rẹ̀: “Bí a kò bá ṣe bákan náà fún wọn níbí, ta ni yóò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní ìlú tí aládùúgbò kò ti mọ oríkì ẹni, àṣà ni ẹ̀rí tó kù lọ́wọ́ òbí. Síbẹ̀, àwọn baba ńlá wa kò sọ ìbejì ní orúkọ kan náà. Ọ̀kan ń tọ́ ayé wò, èkejì ń kẹ́yìn dé. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, iyì wọn dọ́gba. Bíbá wọn dọ́gba kò ní kí a fi ohun tó tọ́ sí ọ̀kan dù ú nítorí pé kò tíì kan èkejì.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbèrò láti gbé àwọn ọmọ lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ wọn gíga wọn nílé kí ẹ tó jáde. Ẹ wo gíga tí ọgbà náà ń béèrè fún eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú, kó má jẹ́ pé iwájú èrò ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹ wá eré tí àwọn méjèèjì lè jọ ṣe mọ́ ètò ọjọ́ náà, kí ẹni tó bá dúró sì ní ohun tí yóò máa retí.

Ní Peckham, àmì méjì wà lára férémù ilẹ̀kùn yàrá àwọn ìbejì báyìí. Nígbà tí ìyá wọn wọ̀n wọ́n kẹ́yìn, Kẹ́hìndé ti kọjá mítà 1. Táyé ló sáré lọ pe bàbá wọn wá wò ó.