Awò VR Nínú Kíláàsì: Kí Ó Tó Kan Ojú Ọmọ

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Wọ́n yá a ní awò VR méjì kí ó fi dán ẹ̀kọ́ wò. Awò yìí ni èyí tí a ń so mọ́ orí, tí ó sì ń bo ojú pátápátá. Ẹni tó bá fi sójú yóò máa rí àwòrán yí ara rẹ̀ ká bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà fi ọkàn ènìyàn han àwọn ọmọ, bó ṣe ń lù àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló kọ́kọ́ nawọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kan ní, "Tíṣà, òòyì ń kọ́ mi o," ó sì bì. Òmíràn tí ojú rẹ̀ pọ́n ti tò sórí ìlà kí olùkọ́ tó rí i. Ó wá béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé kí òun dá awò náà padà ni. Èsì wa ni pé kò pọn dandan. Àmọ́ ohun tí yóò kan ojú ogójì ọmọ, ọ̀rọ̀ ìlera ni kó tó di ohun ìkọ́ni.

Kí ló ń fa òòyì? Inú etí lọ́hùn-ún ni ohun tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá a ń rìn tàbí a dúró. Bí awò bá ń fi han ojú pé à ń fò, tí etí sì ń sọ pé orí àga la wà, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Òòyì àti èébì ló máa ń tẹ̀lé e. Nítorí náà, kí ọmọ jókòó, kí àwòrán má sáré, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ bá ní òòyì ń kọ́ òun, kí a bọ́ awò lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a má sọ fún un pé kó fara dà á.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Sony ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 má lo tirẹ̀. Ọdún 13 ni Meta fi sí tẹ́lẹ̀ fún Quest, kí ó tó sọ ọ́ di 10 ní ọdún 2023, pẹ̀lú àṣẹ òbí. Kí olùkọ́ kọ̀wé sí àwọn òbí ṣáájú, kí ó sì béèrè bóyá ọmọ ní wárápá, nítorí iná tó ń ṣẹ́jú lè gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ìmọ́tótó. Gbogbo wa la mọ Àpólò, àrùn ojú pípọ́n tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, nígbà tó jà ní Ghana lọ́dún tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sínú òṣùpá. Ọwọ́, táwẹ́ẹ̀lì àti ohunkóhun tó bá ti ojú kan bọ́ sí òmíràn ló ń gbé e kiri. Àlùwàlá ń fọ ojú wa, kì í fọ awò tí a fẹ́ fi sójú. Ohun tí a ní kí olùkọ́ ṣe nìyí:

1. Kí ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, tàbí tó ní làpálàpá tàbí iná orí, dúró títí yóò fi sàn.

2. Kí gbogbo ọmọ fọ ọwọ́. Ẹni tó lé tìróò, kí ó nù ún kúrò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá, kí ó nu ojú gbẹ.

3. Lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí a fi bébà rírin tó ń pa kòkòrò, tí kò ní sípírítì, nu ibi tó ń kan ojú, kí a sì jẹ́ kó gbẹ. Èyí tí ìbòrí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rọrùn láti nù ju onífóòmù lọ.

4. Aṣọ gbígbẹ múlọ́múlọ́ nìkan ni kí a fi nu gíláàsì rẹ̀. Kí a má sá a sóòrùn rárá, nítorí gíláàsì náà ń kó ìtànṣán oòrùn jọ, yóò sì jó inú rẹ̀.

5. Èyí tí wọ́n fi páálí ṣe, irú Cardboard tí Google gbé jáde ní ọdún 2014, ń mu òógùn, kò sì ṣeé fọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

6. A lè so okùn awò lé orí híjáàbù láìtú u. Kí olùkọ́ obìnrin bá àwọn ọmọbìnrin so ó.

Olùkọ́ náà ti tún un ṣe báyìí. Àkókò tó ń gbà pọ̀ sí i, ọjọ́ méjì ló sì fi kárí kíláàsì kan. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n dúró títí ojú rẹ̀ fi mọ́, òun náà sì wo ọkàn níkẹyìn. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ojú àwọn ọmọ wa. Àmín.