Ọ̀rọ̀ Ìlédìí Ọmọ Àkàndá: Ẹ Sọ Ọ́ fún Dókítà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ níta. Ọ̀rọ̀ ìlédìí ni, èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Pampers. Kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́ o. Ti ọmọ ọdún 6, ọdún 8, àní ọdún 12 ni, tí àìlera kò jẹ́ kí ó mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n.

Arábìnrin kan ń bẹ nínú ìjọ wa ní Houston tí ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ìlédìí ọmọ ọwọ́ kò gba ọmọ náà mọ́; èyí tí ó tóbi ni ó ń lò, owó rẹ̀ sì ga. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo bá a níbi tí ó ti ń ká aṣọ ìnura sí ọmọ náà nídìí kí wọ́n tó wọlé ìsìn. Ó ní ìlédìí mẹ́ta péré ni ó kù nílé, òun sì ń ṣọ́ wọn lò títí wọn yóò fi sanwó níbi iṣẹ́. Mo bi í bóyá dókítà ọmọ mọ̀ sí i. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, ṣé dókítà a máa ta ìlédìí ni?"

Kì í tà á. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá kọ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ náà wà lórí Medicaid tẹ́lẹ̀, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ń náwó sí. Ìyá rẹ̀ kàn rò pé ti oògùn àti abẹ́rẹ́ nìkan ni. Láti ọdún 1967 ni apá kan ti wà nínú ètò náà fún àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní EPSDT. Ní ọdún 1989, wọ́n fún òfin náà lágbára sí i: ohun tí Medicaid bá lè san owó rẹ̀, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 sì nílò nítorí àìlera rẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀, ì báà má sí nínú ohun tí wọ́n ń fún àgbàlagbà. Abẹ́ èyí ni ìlédìí bọ́ sí. Ní Texas, ọmọ ọdún 4 sókè ni wọ́n sábà máa ń fún. Ní California, ọdún 5. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn gba ọdún 3.

Ibi tí àwa ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀ ni iwájú dókítà. Yóò béèrè pé báwo ni ọmọ, a ó ní, "A dúpẹ́, ó ń gbìyànjú." Àwọn mìíràn nínú wa tún gbà pé bí àwọn bá ka àìsàn náà síta, àwọn ti fi ẹnu ara àwọn fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ lè sọ iye ìlédìí tí ọmọ náà ń lò lójúmọ́. Bí "a dúpẹ́" nìkan bá ni dókítà gbọ́, òun náà ni yóò kọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ka ìwé náà yóò ní ọmọ yìí kò nílò nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ kà á fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lọ: mélòó lọ́sàn-án, mélòó lóru, ṣé ara ọmọ ń bó. Kí dókítà kọ orúkọ àìsàn tí ó fà á, kì í ṣe pé ọmọ ń tọ̀ sílé nìkan. Kí ó kọ iye tí yóò lò lóṣù pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tí ń ta ohun èlò ìwòsàn, tí ó ń bá Medicaid ṣiṣẹ́, ni yóò gba ìwé náà, tí yóò sì máa gbé ìlédìí wá sílé. Bí wọ́n bá kọ̀, lẹ́tà yóò wá. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù; inú rẹ̀ ni wọ́n kọ bí ẹ ó ṣe pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí, àti ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò parí.

Àwọn kan yóò ní owó tí ń wọlé fún àwọn ti pọ̀ jù. Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òbí Katie Beckett ní Iowa: ìjọba ń sanwó bí ọmọ náà bá wà ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí ó bá padà sílé, owó òbí ni wọn yóò wò. Ààrẹ Reagan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1981, nígbà tí ó sì di ọdún 1982, òfin fàyè gba ìpínlẹ̀ láti wo owó ọmọ nìkan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà yìí tàbí èyí tí ó jọ ọ́. Ní Texas, àwọn tí orúkọ wọn ti wà nílẹ̀ pọ̀ gan-an, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń dúró, nítorí náà ẹ tètè kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí Medicaid gbà, kí ó pe 2-1-1, kí ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń pín ìlédìí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì dárúkọ ìwọ̀n títóbi, nítorí ti ọmọ ọwọ́ ni ó máa ń pọ̀ níbẹ̀. Kí ó tọ́jú rìsíìtì èyí tí ó bá fowó rà. Àwọn agbowó-orí Amẹ́ríkà kò ka ìlédìí lásán sí ìnáwó ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọ́n ka èyí tí a ń lò nítorí àìsàn kan pàtó.

Ìwé arábìnrin wa jáde, páálí àkọ́kọ́ sì dé. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré fún ọmọ náà. Ó pè wọ́n, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Aṣọ ìnura ọjọ́sí, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti ń fi í nu mọ́tò.